Omi Tí A Pọn Pamọ́

Omi ni ìdajì iṣẹ́ obì. Ẹni tí kì í ṣe ará Ṣàgámù lè má mọ èyí, nítorí pé inú apẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń rí obì, tí ó ń dán, tí ewé tútù bò ó. Ṣùgbọ́n bí obì gbàǹja bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú èèpo rẹ̀, awọ funfun kan ṣì wà lára rẹ̀. A ní láti rẹ ẹ́ sínú omi kí awọ náà lè rọ̀, kí a bó o, kí a tún un fọ̀, kí a ṣà á, kí a tó wá dì í sínú apẹ̀rẹ̀. Omi náà kò sì gbọdọ̀ ní òórùn. Obì a máa gba òórùn sára bí aṣọ ṣe ń gba èéfín, kì í sì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́.

Mo rántí ìyàwó ilé kan ní agbo ilé wa, nígbà tí mo ṣì kéré, tí ó fi omi ẹ̀rọ fọ obì rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ayé ìgbà náà ní oògùn nínú dáadáa. Oníbàárà wa kan, ará Hausa, tí ó ti ń ra obì lọ́wọ́ bàbá wa láti ìgbà èwe rẹ̀, bu ọ̀kan jẹ, ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì wí jẹ́jẹ́ pé, "Ìyàwó, èyí ń rùn bí ọsibítù." Kò ra ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún yẹn. Títí obìnrin náà fi di ìyá àgbà ni a ń pè é ní Ìyàwó Ọsibítù, òun náà a sì máa jẹ́ ẹ, a máa rẹ́rìn-ín.

Mo sọ èyí kí ó lè yé ènìyàn bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe kú. Kì í ṣe aláìgbọràn. Mo fẹ́ kí ìyẹn yé ẹni tí yóò ka ìwé yìí ju ohun gbogbo lọ, nítorí pé àìgbọràn àwọn ará àdúgbò ni wọ́n kọ sínú ìwé ìjọba. Wọ́n gbọ́ràn. Ìgbọràn wọn gan-an ni ó pa wọ́n, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀.

Ibido, ní Ṣàgámù, ni agbo ilé wa wà. Oníṣòwò obì ni bàbá wa, oníṣòwò obì ni ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì mọ ìwé kà tí ó ti ń fi ọwọ́ lásán mọ obì tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Èmi nìkan ni bàbá wa rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó ní ojú mi kò yá sí ọjà. Mo ṣe iṣẹ́ tíṣà ní Ìkẹ́nnẹ́ àti ní Òde Rẹ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo padà sí agbo ilé wa, sí yàrá méjì tí ó kọjú sí kànga. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní òdìkejì. Alájà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Òun ń pè mí ní Tíṣà, bí ẹni pé èmi kì í ṣe àbúrò rẹ̀ tí ó pọ̀n sẹ́yìn rí, ó sì máa ń fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i bí ó bá ń pe orúkọ náà.

Ní ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń ya òbìrìkìtì kan sí ojú pátákó, mo máa pín in sí méjì fún àwọn ọmọ: òjò ní apá kan, ẹ̀ẹ̀rùn ní apá kejì. Mo máa ń fi àmì sí ibi tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni obì ti ń wọlé láti oko. Bí mo bá rí àwọn ọmọ náà lónìí, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti ní ọmọ ọmọ, ó máa ń ṣe mí bíi kí n tọrọ àforíjì. Òbìrìkìtì yẹn kò bá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ mu mọ́. Òjò ń pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, a máa dá dúró nígbà tí àgbàdo ń fẹ́ ẹ, nígbà tí ó bá sì yẹ kí ó lọ, ìgbà náà ni yóò rọ̀ bí ẹni tí ń gbẹ̀san.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, obì ti wọlé, a ti ń bó o lábẹ́ àtíbàbà, ni òjò bá dé. Ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Odò Ìbù kún, ó yà wọ àwọn ilé tí ó wà ní ìsàlẹ̀, ó wọ ṣáláńgá, ó gbé ohun tí ó wà nínú ṣáláńgá jáde, ó sì gbé e kiri. Ẹnu kànga wa kò ga ju orúnkún lọ. Nígbà tí àgbàrá náà fà, omi kànga ti pọ́n bíi tíì. Ìkìlọ̀ kan dé sórí fóònù mi pé kí a kúrò ní ẹ̀bá odò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì dé lẹ́yìn tí a ti fi ìgbálẹ̀ gbá ẹrẹ̀ kúrò ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

Àwọn kan ní odò ni ó ń bínú. Mo fi sùúrù sọ fún wọn pé odò kì í bínú, pé ayé ni ó ń gbóná sí i, pé afẹ́fẹ́ tí ó gbóná a máa gbé omi púpọ̀, a sì máa dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé àwa náà kọ́ ilé sí ọ̀nà tí omi ń gbà. Wọ́n ní, "Ẹ ṣé o, Tíṣà." Wọ́n sì lọ.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé àrùn onígbá-méjì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà Likosi. Ilé iṣẹ́ ìlera rán wolé-wolé kan sí wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ga, tí ó wọ bàtà òjò, tí ó ní ìtẹríba. Mo jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlera àdúgbò, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, kò sí ìdí mìíràn. Mo mú un lọ bá àwọn obìnrin níbi tí wọ́n ti ń bó obì.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ káàsán," ó ní, ó sì fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Káàsán, ọkọ mi," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, kò gbé ojú kúrò lára obì ọwọ́ rẹ̀. Ohùn Rẹ́mọ tí ó ki ni ó máa ń fi sọ̀rọ̀. Mo tún un kọ báyìí kí gbogbo ènìyàn lè kà á. "Wọ́n ní o fẹ́ fọ kànga wa."

"Oògùn ni a fẹ́ dà sí i, mà. Yóò pa kòkòrò àrùn tí àgbàrá gbé wọ inú rẹ̀."

"Kòkòrò inú obì mi ńkọ́? Ṣé yóò bá mi pa ìyẹn náà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wolé-wolé náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé pé wọn yóò da oògùn náà sí kànga ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa omi níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, pé omi náà yóò ní òórùn díẹ̀ lẹ́yìn náà bí oògùn ìfọṣọ, ṣùgbọ́n kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"Òórùn!" ni obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. "Wolé-wolé, ṣé o ti gbéyàwó?"

"Rárá, mà."

"Ó tì o. Lọ́jọ́ tí o bá ń lọ tọrọ ìyàwó, wá ra obì ìdána lọ́wọ́ mi. Èyí tó ń rùn bí oògùn ìfọṣọ ni n ó tà fún ọ. A ó wo bí àna rẹ á ṣe jẹ ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan da igbá obì nù. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé wà nínú ilé yìí." Ó wá yí sí mi. "Ṣùgbọ́n Tíṣà, omi tí a ó lò ńkọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti kànga pa?"

Mo ní n ó fi í sínú ìkéde.

Ìwé tí wolé-wolé náà kó wá ní gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀: ọjọ́, àkókò, ìkìlọ̀ pé kí a má fa omi, àlàyé òórùn, àti pé kí a máa se omi mímu. Mo dà á kọ sórí páálí ńlá pẹ̀lú lẹ́tà gbàgàdà. Nígbà tí mo parí, àyè ṣẹ́ kù ní ìsàlẹ̀. Mo rántí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fi ìlà kan kún un láti ọwọ́ ara mi: Kí olúkúlùkù pọn omi tí yóò tó o lò pamọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Wolé-wolé náà kà á. Ó ní ọwọ́ ìwé mi dára ju ti ẹ̀rọ lọ. Òun náà kò rí ohun tí ó wà níbẹ̀, èmi náà kò rí i. Bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí n bi í pé: láti inú kànga wo ni kí wọ́n ti pọn ọ́n?

Láti ìdájí Ọjọ́rú ni okùn kànga kò ti sinmi. Kì í ṣe omi ọjọ́ kan ni àwọn obìnrin pọn. Wọ́n pọn omi tí wọn yóò fi fọ obì títí òórùn oògùn yóò fi kúrò, nítorí pé ta ni yóò fi omi olóòórùn fọ obì? Wọ́n pọn ọ́n kún dúróòmù, wọ́n pọn ọ́n kún agbada, wọ́n pọn ọ́n kún kòkò tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ láti ìgbà ìyá wa. Omi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tòrò nígbà náà, pípọ́n rẹ̀ ti dínkù. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi, mò ń wò wọ́n, inú mi sì ń dùn. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ṣe ohun tí a kọ sí ojú pátákó. Mo dìde, mo bá ẹ̀gbọ́n mi fi ọmọrí dé àwọn dúróòmù rẹ̀.

Wọ́n da oògùn sí kànga ní Ọjọ́bọ̀ bí wọ́n ti wí. Nígbà tí a ṣí i ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn tí ó ti mọ́ṣáláṣí dé bu omi rẹ̀ wò, wọ́n fa ojú ro. Bàbá kan ní ó dà bíi pé òun gbé aṣọ funfun mì. Ẹ̀gbọ́n mi sì ṣe ohun tí ó máa ń ṣe. Ó ní kí ẹni tí kò bá lè mu ti kànga wá bu nínú ti òun. Ó ka omi rẹ̀ sí omi àtijọ́, omi tí a mọ̀. Àwọn ìdílé tí ó wà ní iwájú wá bù, àwọn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wá bù, ó sì ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tijú. Ó gbé ife kan fún èmi náà.

"N ó mu ti kànga," mo wí. "Èmi ni akọ̀wé."

"Akọ̀wé, kú iṣẹ́ ìlú," ó ní, ó sì fi omi náà fọ ojú mi bí ẹni tí ń bá ọmọdé ṣeré.

Mo mu ti kànga. Aránṣọ kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ háyà yàrá ní ẹ̀yìnkùlé mu ti kànga pẹ̀lú, nítorí pé àlejò ni wọ́n, wọn kò ní dúróòmù, ojú sì ń tì wọ́n láti máa tọrọ omi.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọmọbìnrin kékeré kan ní ilé iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ó sì ń bì. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìrọ̀lẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n mi kò jáde wá kí mi lẹ́yìn ìrun àsùbá. Mo lọ wò ó. Ó jókòó sílẹ̀ nínú yàrá, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ohun tí ó ń yà dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì.

Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ láìmọye ìgbà bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, títí kan ìwọ̀n ṣíbí. Mo pò ó, mo gbé e sí i lẹ́nu. Omi wo ni mo fi pò ó? Ìyẹn tí ó wà nítòsí, omi inú dúróòmù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi nígbà tí ó yá pé kì í ṣe ìyẹn ni ó pa á, pé àrùn náà ti wà lára rẹ̀ kí n tó dé. Mo gbà pé òótọ́ ni ó sọ. Síbẹ̀, èmi ni mo gbé ife náà dání.

Èmi àti ọmọ rẹ̀ obìnrin fi kẹ̀kẹ́ márúwá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé. Nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ ti wà ní kíláàsì mi rí ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi kí ó tó sọ fún mi pé omi tí wọ́n ń fà sí ènìyàn lára ti tán.

"Láti àná ni, mà. Wọ́n ní ọkọ̀ ń kó o bọ̀."

"Níbo ni ọkọ̀ náà wà?"

"Omi odò ṣì bo ojú ọ̀nà, mà. Wọ́n ń dúró kí ó fà."

Mo ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nígbà náà. Nọ́ọ̀sì náà ní kò ṣeé ṣe. Ojú ọ̀nà kan náà ni. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un sí ọ̀ọ̀dẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀dì kún. A ń fún un ní omi oníyọ̀ pẹ̀lú ṣíbí, ó ń bì í. Mo fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè bí nọ́ọ̀sì ti fi hàn mí. Awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò padà.

"Tíṣà," ó ní, ohùn rẹ̀ ti há, "má wò mí bí ẹni tí ń fi máàkì fún ènìyàn."

"Ẹ máa mu omi, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé wọ́n ti bo obì mi?"

"Wọ́n ti bò ó."

"Kí wọ́n pààrọ̀ ewé rẹ̀." Ó ti ṣíbí ọwọ́ mi kúrò. "Oògùn yẹn ni. N kò mu ún, ṣùgbọ́n mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ti wọ inú ilẹ̀."

Mo tún bu omi oníyọ̀ sí ṣíbí; n kò tíì mọ ìdí àìsàn náà nígbà náà. Ó kú lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ọmọ kékeré ilé iwájú ti ṣáájú rẹ̀ ní àárọ̀, nínú yàrá kejì, a kò sì sọ fún un.

Ọjọ́ náà ni a sin ín, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní kí a má fi omi lásán wẹ̀ ẹ́, kí àrùn má baà ran àwọn tí ń wẹ òkú. Omi olóògùn ni wọ́n bù fún wa. Èmi àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn tí ó wẹ̀ ẹ́. Òórùn tí kò jẹ́ kí ó kan obì rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí i, òun ni ó bá a wọ ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sunkún nítorí ìyẹn ju ikú náà lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, mo mú ìwé kan, mo lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó ti mọ́ mi lára láti máa wá ìdí nǹkan báyìí. Mo bi ìdílé kọ̀ọ̀kan pé omi wo ni wọ́n mu ní ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Sátidé. Kò sí ẹnì kan tí àrùn náà mú tí kò mu nínú omi tí a pọn pamọ́ ní Ọjọ́rú, púpọ̀ nínú wọn sì mu ti ẹ̀gbọ́n mi. Aránṣọ àti ọkọ rẹ̀ kò ṣàìsàn. Èmi kò ṣàìsàn. Mo jókòó, mo tún ìwé náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe máa ń tún ìwé ìdánwò kà bí máàkì kan kò bá yé mi. Ó yé mi. Mo pa ìwé náà dé, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo fi ń ṣe ìyẹn, àdúgbò ti rí ìdí tiwọn. Ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n da oògùn sí kànga, ní ọjọ́ Àìkú ni àìsàn bẹ̀rẹ̀. Kí ni ènìyàn tún ń wá? Àní Alájà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kí ó tó kú, ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Wọ́n ní oògùn náà ti gba inú ilẹ̀ wọ ara àwọn tí ara wọn kò le. Ilé iṣẹ́ ìlera ní tiwọn kọ ọ́ pé àwọn ará àdúgbò kọ̀ láti mu omi tí a tọ́jú. Mo ka ìwé náà nígbà tí wolé-wolé mú un wá kí n bu ọwọ́ lù ú. N kò bu ọwọ́ lù ú. Mo sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé báwo ni ó ṣe rí. Mo ní n ó sọ fún un nígbà mìíràn.

Ohun tí ó ń dùn mí nìyí. Bí mo bá sọ òótọ́, omi ẹ̀gbọ́n mi ni ó pa ọmọ aládùúgbò, àánú rẹ̀ ni ó pa á. Bí n kò bá sì sọ ọ́, wọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da oògùn sí kànga yẹn mọ́, òjò yóò sì tún rọ̀. Mo fi ọdún kan gbáko rò ó. Mo ń sọ fún ara mi pé n ó sọ ọ́ lẹ́yìn ogójì ọjọ́, lẹ́yìn ààwẹ̀, lẹ́yìn iléyá.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, òjò tún pẹ́, obì tún wọlé, odò tún kún. Wolé-wolé kan náà padà wá pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù oògùn rẹ̀. Olórí agbo ilé wa, bàbá àgbàlagbà tí ó jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá wa, pe gbogbo wa jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá wolé-wolé náà ṣe àwàdà ní ọjọ́ yẹn.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí fún un, "a kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n gbé oògùn rẹ padà. A ti rí i."

Mo dìde. Mo ní mo ní ohun kan láti sọ, mo sì sọ ọ́ bí ó ti rí. Mo sọ pé omi tí a pọn ní Ọjọ́rú ni àrùn wà nínú rẹ̀, pé kànga ni ó mọ́ lẹ́yìn náà. Mo sọ pé èmi ni mo kọ ìlà tí ó ní kí wọ́n pọn ọ́n, pé ilé iṣẹ́ ìlera kò kọ ọ́. Mo gbé ìwé tí mo fi lọ láti ojúlé dé ojúlé jáde. Mo ní bí ọ̀rọ̀ obì ni, kí a wá omi mìíràn fún obì, kí ẹnikẹ́ni má sì mu nínú rẹ̀.

Ìyá ọmọ tí ó kú jókòó sí iwájú mi gan-an. Mo ti ń bẹ̀rù ojú rẹ̀ láti ọdún kan. N kò rí ìbínú níbẹ̀. Ó dìde, ó wá di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ jókòó, mà," ó ní. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. Alájà ni ẹ ń wí pé ó fún ọmọ mi ní ohun tó pa á? Alájà tó gbé e lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀? Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fọ̀ ló ń mú yín sọ ọ́."

"Kì í ṣe ọ̀fọ̀. Wò ó, mo kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ kọ ọ́, mà."

"Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jù," ni bàbá wí fún wolé-wolé, bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. "Ó ti ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi, kò rí, ló bá dá ara rẹ̀ lẹ́bi." Ó yí sí mi, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Tíṣà, ẹ kò ṣe nǹkan kan. Kò sí ẹni tó bi yín ní nǹkan kan nínú ilé yìí. Ẹ fún wọn ní ìwé yẹn kí wọ́n bá yín pa á mọ́."

Aránṣọ nìkan ni ó gbìyànjú. Ó ní, "Òótọ́ ni pé èmi àti ọkọ mi kò—" Ẹnì kan ní kí ó máa sinmi, àlejò ni.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n bú mi ni, ǹ bá mọ ohun tí n ó ṣe. Ǹ bá tún àlàyé náà ṣe lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, bí mo ti máa ń ṣe fún ọmọ tí orí rẹ̀ kò tètè ṣí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣìkẹ́ mi. Wọ́n bu omi fún mi kí ara mi balẹ̀.

Mo sin wolé-wolé dé ẹnu títì. Ó gbà mí gbọ́. Mo rí i ní ojú rẹ̀. Ó bi mí bóyá kí òun padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Mo ní kí ó wá. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò sí ohun tí yóò yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó di gálọ́ọ̀nù náà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó kọrí sí Òde Rẹ́mọ, níbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró dè mí lẹ́bàá ilé. Òun ni ó gba iṣẹ́ obì ìyá rẹ̀. Ó ní ìdúró ìyá rẹ̀, ọwọ́ kan ní ìbàdí.

"Ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ nípa màmá mi," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

"Ṣé wàá máa se omi tí o bá fẹ́ mu?"

"N ó máa sè é, mà."

Ó sọ ọ́ kí n lè lọ sinmi. Mo mọ bí ọmọ ṣe ń dáhùn nígbà tí ó bá fẹ́ kí tíṣà fi òun sílẹ̀. Mo ń se tèmi. Mo ń bu díẹ̀ fún aránṣọ bí gáàsì mi bá tó o. Òjò ti tún rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ó pọ̀, a sì tún gbá ẹrẹ̀ kúrò ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kànga kún dé ẹnu. Omi rẹ̀ ti tòrò lánàá, kò ní òórùn kankan, gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ pé ó dùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi rẹ obì.